Wọ́n yọ ilé ọmọ mi, oorun dá lójú mi, àlá sì ń dẹ́rù bà mí

Ìbéèrè: Àsàláámù aléékun, Alfa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ọmọ ọdún 44 ni mí, ọmọ méjì ni Ọlọ́hun fún mi. Ìju ló ń dà mí láàmú, ẹ̀jẹ̀ a máa dà lára mi lóṣooṣù títí wọ́n fi fa ẹ̀jẹ̀ sí mi lára lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó yá, dókítà ní àfi kí wọ́n yọ ilé ọmọ. Èmi àti ọkọ mi fọwọ́ sí i. Ó pé ọjọ́ 35 lónìí. Láti ìgbà náà oorun kò kùn mí mọ́, bí ó bá sì gbé mi lọ fẹ́ẹ́rẹ́, àlá ni. Mo máa ń gbọ́ igbe ọmọ tuntun lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹnì kan gbé iyán fún mi lójú oorun, mo sì jẹ ẹ́. Èyí tó burú jù ni pé mo rí ìyàálé mi, ó gbé igbá tí wọ́n fi aṣọ funfun bò, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo rọ́ ọ fún alfa kan ládùúgbò wa. Ó ní ìyàálé mi ló gba ilé ọmọ mi, pé kí n mú àgbò kan wá, kí n gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, kí n sì fi tírà sábẹ́ ìrọ̀rí. Láti ọjọ́ yẹn n kò jẹ oúnjẹ ìyàálé mi mọ́, bẹ́ẹ̀ òun ló ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún mi láràárọ̀. N kò tíì kírun látìgbà tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà, nítorí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń kán díẹ̀díẹ̀, n kò sì lè tẹ̀ ba. N kò ka Kùránì náà. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Wa aléékumu sàláámù wa ráhúmátúláhì. Kí Ọlọ́hun fi àlàáfíà rọ́pò ìnira yín, ìyá wa.

Àlá lẹ fi ṣíwájú nínú ọ̀rọ̀ yín, ìrun lẹ fi kẹ́yìn. Èmi á yí i padà, nítorí pé láti ọjọ́ 35 lẹ ti wà lóru láìní ohun kan lẹ́nu, ẹ rò pé ẹ kò mọ́. Ẹ mọ́ o. Inú ilé ọmọ ni ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù ti ń wá, wọ́n sì ti yọ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ ìbímọ náà kọ́, ẹ kò bímọ. Ojú ọgbẹ́ ni èyí ti ń kán. Fāṭimah ọmọ Abū Ḥubaysh wá bá Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), ó ní ẹ̀jẹ̀ òun kì í dá, ṣé kí òun fi ìrun sílẹ̀ ni? Ànábì ní rárá, iṣan kan nìyẹn, kì í ṣe nǹkan oṣù. Ọ̀rọ̀ yìí wà nínú ìwé hádíìsì (àkójọ ọ̀rọ̀ Ànábì) ti Bukhārī àti ti Muslim. Bí ti ẹni tí ilé ọmọ rẹ̀ ṣì wà bá rí báyìí, mélòó ni ti ẹni tí wọ́n ti yọ tirẹ̀?

Nítorí náà, bí àkókò ìrun bá wọlé, ẹ fọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ gbé kán, ẹ fi páàdì mímọ́ dí i, ẹ ṣe àlùwàlá, kí ẹ kírun. Bí ó bá tún kán nígbà tí ẹ wà lórí ìrun, ẹ máa bá a lọ. Ní ojú ọ̀nà Imāmu Mālik tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń tọ̀ nílẹ̀ yìí, ohun tó dára ni kí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í dá tún àlùwàlá ṣe fún ìrun kọ̀ọ̀kan. Àwọn onímímọ̀ mìíràn ní dandan ni. Ẹ máa tún un ṣe, ọkàn yín á balẹ̀. Ọgbẹ́ yín wà níkùn, àlùwàlá kò sì débẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi omi dẹ́rù bà yín.

Ní ti pé ẹ kò lè tẹ̀ ba: jẹ̀díjẹ̀dí ló ń ṣe ʻImrān ọmọ Ḥuṣayn nígbà tí ó bi Ànábì léèrè bí òun yóò ṣe máa kírun. Ànábì ní, “Kírun lórí ìdúró, bí o kò bá lè ṣe é, lórí ìjókòó, bí o kò bá lè ṣe é, lórí ẹ̀gbẹ́ rẹ.” Jẹ̀díjẹ̀dí lásán nìyẹn o, kì í ṣe ikùn tí wọ́n là tí wọ́n sì rán. Ẹ jókòó sórí àga, ẹ tẹrí ba díẹ̀ fún rúkúù (ìtẹ̀ba), kí ti sùjúùdù (ìforíkanlẹ̀) relẹ̀ jù ú lọ. Ẹ má ṣe gbé ìrọ̀rí sókè láti fi iwájú orí kàn án, kò di dandan.

Àwọn ìrun tó ti kọjá ńkọ́? Ohun tí ọ̀pọ̀ jù lọ onímímọ̀ wí ni pé ẹ ó san wọ́n. Ìrun 175 ni. Ẹ má wulẹ̀ ké. Bí ẹ bá ń san ti ọjọ́ méjì lójoojúmọ́, lórí ìjókòó, ẹ ó parí rẹ̀ láàárín ọjọ́ 18. Bí ara kò bá gbà á, ẹ dín in kù. Ẹ sì ní ẹ kì í sùn lóru: ẹ san díẹ̀ nínú rẹ̀ lóru náà. Ohun tí Ànábì pa láṣẹ fún ẹni tó bá rí àlá burúkú pàápàá, nínú ohun tí Abū Hurayrah gbà wá, ni pé kí ó dìde kí ó kírun.

Ó wá kan àlá. Ànábì sọ nínú hádíìsì Abū Hurayrah tí Muslim gbà wá pé ọ̀nà mẹ́ta ni àlá pín sí: èyí tó jẹ́ ìró ìdùnnú láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun, èyí tí Ṣàítánì fi ń ba ènìyàn nínú jẹ́, àti èyí tó jẹ́ ohun tí ènìyàn ń bá ọkàn ara rẹ̀ sọ. Mo fi àlá yín sórí ìwọ̀n yìí. Obìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ilé ọmọ rẹ̀, tó sì mọ̀ pé òun kò ní lóyún mọ́, bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá gbọ́ igbe ọmọ lójú oorun, ṣé ó yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu? Ọkàn ló ń sọ̀rọ̀. Iyán yẹn ńkọ́? Mo mọ̀ pé nílẹ̀ wa, ẹni tó bá jẹun lójú oorun, wọ́n á ní wọ́n ti fún un ní májèlé jẹ. N kò rí i nínú Kùránì tàbí hádíìsì pé oúnjẹ ojú àlá ń wọ inú ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń gbààwẹ̀ Ràmàdáánì ń jẹun lójú oorun lójoojúmọ́, ààwẹ̀ wọn kì í sì í bàjẹ́.

Ti igbá tí wọ́n fi aṣọ bò ni mo rí pé ó wúwo lọ́rùn yín jù. Abū Salamah, tí ó gba hádíìsì kan lẹ́nu Abū Qatādah, ní òun a máa lá àlá tó wúwo lára òun ju òkè lọ, títí òun fi gbọ́ ohun tí Ànábì sọ, òun kò sì kà á sí nǹkan mọ́. Ohun tí ó gbọ́ náà ni pé àlá rere láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun ni, àlá burúkú láti ọ̀dọ̀ Ṣàítánì ni; kí ẹni tó bá rí èyí tí kò fẹ́ tutọ́ fẹ́rẹ́ sí apá òsì lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó sá di Ọlọ́hun kúrò lọ́dọ̀ Ṣàítánì, kò ní lè pa á lára. Atẹ́gùn ni itọ́ yẹn o, kì í ṣe kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀dì di tútù. Nínú èyí tí Jābir gbà wá, Ànábì fi kún un pé kí ó yí padà sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ̀yin ẹ rọra yí, kí ẹ fi ọwọ́ ti ìrọ̀rí mọ́ ikùn. Bí ó bá dùn yín, ẹ yí orí nìkan.

Àṣẹ kan ṣì kù, òun ni ẹ kò pa mọ́: kí ó má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ará oko kan wá sọ fún Ànábì pé òun lá àlá pé wọ́n bẹ́ orí òun, orí ń yí lọ, òun ń sá tẹ̀ lé e. Ànábì rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Má ṣe máa ròyìn fún àwọn ènìyàn bí Ṣàítánì ṣe ń fi ọ́ ṣeré lójú oorun rẹ.” Orí tí wọ́n bẹ́ kúrò lọ́rùn! Ta ni nínú àwọn alálàá wa tí kò ní fi ìyẹn gba àgbò? Ànábì kò bi í pé ta ló mú idà dání.

Ẹ bá mi fi èyí sọ́kàn dáadáa, ìyá wa. Ẹni tó yọ ilé ọmọ yín, ẹ mọ̀ ọ́n: dókítà ni, ní ọ̀sán gangan, ẹ̀yin àti ọkọ yín lẹ fọwọ́ síwèé. Ohun tó fà á, ẹ mọ̀ ọ́n: ìju, tí ó ń hù lára ilé ọmọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ obìnrin, àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Kí ni ó kù tí ìyàálé yín fẹ́ gbà? Kò sí kádì kan tí ó ń fi àlá dájọ́. Ọlọ́hun sì sọ nínú Súrà Al-Ḥujurāt, ẹsẹ 12, pé kí a jìnnà sí ọ̀pọ̀ nínú àbá dídá, nítorí pé apá kan nínú rẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ ni.

N kò mọ alfa tí ẹ lọ bá, n kò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ó kàn ń dùn mí ni, nítorí pé iṣẹ́ tí a kọ́ lórí ẹní ni wọ́n ń fi irú èyí bà jẹ́. Ẹni tó bá ń sọ ohun ìkọ̀kọ̀ fúnni, Ànábì ní ẹni tó lọ bá a tó bi í léèrè, a kò ní gba ìrun rẹ̀ fún òru 40. Ẹ kò mọ̀ ni. Ẹ tọrọ àforíjìn, kí ẹ má padà síbẹ̀. Bí apá yín bá ká àgbò, tí ẹ sì fẹ́ fi ṣe sàárà ìdúpẹ́ pé ẹ jí lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ, ẹ pa á, kí ẹ fún aládùúgbò jẹ. Kí a fi ra ilé ọmọ padà kọ́. Ààwẹ̀ tí ó ní kí ẹ gbà yẹn, Ràmàdáánì gan-an Ọlọ́hun yọ̀ǹda fún aláìsàn láti sún un síwájú. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀, ta ló fẹ́ fi ebi wò yín sàn? Ní ti tírà, awuyewuye àwọn onímímọ̀ lórí èyí tí wọ́n kọ Kùránì sí pọ̀. Èmi kì í fún ènìyàn. Āyatul-Kursiyyu, ẹsẹ Kùránì, tó wà lẹ́nu yín sàn fún mi ju èyí tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí lọ, torí ẹni tó bá kà á nígbà tó fẹ́ sùn, Bukhārī gbà á wá pé olùṣọ́ kan láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun kò ní kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, Ṣàítánì kò sì ní sún mọ́ ọn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Lálẹ́ òní, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kà á, ẹ pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, ẹ ka súrà mẹ́ta yìí: Qul Huwal-Lāhu, Falaqi àti Nāsi, ẹ fẹ́ ẹ sí i, kí ẹ fi pa orí, ojú àti iwájú ara. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ànábì ń ṣe é lálaalẹ́. Tí ẹ bá dé ibi ọgbẹ́, ẹ fò ó. Bí ẹ bá ta jí tìbẹ̀rùtìbẹ̀rù, ẹ wí pé: Aʻūdhu bi kalimātil-Lāhit-tāmmāti min gaḍabihi wa ʻiqābihi, wa sharri ʻibādihi, wa min hamazātish-shayāṭīni wa an yaḥḍurūn. Ìyẹn ni pé, mo sá di àwọn ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun tó pé kúrò níbi ìbínú Rẹ̀ àti ìyà Rẹ̀, àti aburú àwọn ẹrúsìn Rẹ̀, àti ròyíròyí àwọn Ṣàítánì àti pé kí wọ́n wá bá mi.

Mi ò ní dá ẹ̀sìn nìkan sọ. Mo bi nọ́ọ̀sì kan tó máa ń wá síbi wáàsí wa léèrè láì dárúkọ yín. Ìbéèrè tí ó kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Ṣé wọ́n yọ ilé ẹyin mọ́ ọn?” N kò mọ̀. Ó ní bí wọ́n bá yọ ọ́, ohun tí ilé ẹyin ń pèsè sínú ara obìnrin, tí ì bá máa dín kù díẹ̀díẹ̀ bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ, á dáwọ́ dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo: ooru a máa mú un lóru, òógùn á bò ó, oorun á dá. Ó ní oògùn ìrora tó le a máa fa àlá rúdurùdu, pé ẹni tó bá ń sùn lọ́sàn-án kò lè rí oorun sùn lóru, pé ìrọ̀rí lábẹ́ orúnkún a máa dín fífà ikùn kù. Kí ẹ má dá oògùn oorun rà. Bí ibà bá gbóná, bí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ tàbí tí ó ń rùn, bí ẹsẹ̀ kan bá wú, bí mímí bá nira, kí ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Bákan náà bí ìbànújẹ́ bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì tí nǹkan kan kò wù yín ṣe. Ànábì ló ní kí a máa wá ìwòsàn, ẹ má ka lílọ sọ́dọ̀ dókítà nítorí àlá sí àìgbàgbọ́.

Ẹ kò bi mí bóyá obìnrin ṣì ni yín, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ nínú igbe ọmọ tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn. Āʼishah, ìyá gbogbo onígbàgbọ́ òdodo, kò bí ọmọ kankan. Ó sọ fún Ànábì pé gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ló ní orúkọ tí wọ́n fi ọmọ pè wọ́n. Ànábì ní kí ó máa jẹ́ Ìyá ʻAbdullāh, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Orúkọ yẹn ni wọ́n ń pè é títí ó fi kú, kò sì sí ẹni tó bi í pé ilé ọmọ rẹ̀ ńkọ́.

Ẹ̀yin Ọlọ́hun fún ní méjì. Tí ìyàálé yín bá gbé ẹ̀kọ dé lọ́la, ẹ ṣe Bisimilláàhì, kí ẹ jẹ ẹ́ lójú rẹ̀. Àlá yẹn, ẹ má sọ fún un.