Ṣé owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ USPS lè wọgbó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Lẹ́tà ni mò ń pín fún USPS, ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, ní Texas níbí. Mo fi ọdún méjì ṣe CCA, ìyẹn apín-lẹ́tà onígbà díẹ̀, kí wọ́n tó sọ mí di òṣìṣẹ́ gidi, ìyẹn sì ti lé díẹ̀ lọ́dún mẹ́rin. Wọ́n ní òfin 2022 ti pa gbèsè ilé-iṣẹ́ wa rẹ́, síbẹ̀ a ò yé gbọ́ pé à ń pàdánù bílíọ̀nù. Ìyàwó mi ní kí n tètè wáṣẹ́ míì kí owó ìfẹ̀yìntì mi tó wọgbó. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá, pàápàá nínú oòrùn Texas yẹn. Mi ò dá ìyàwó yín lẹ́bi. Ẹni tó bá ń gbọ́ ìròyìn nìkan, àyà á já a. Ṣùgbọ́n àpò ilé-iṣẹ́ yàtọ̀ sí àpò tí owó ìfẹ̀yìntì yín wà.

Ká ti orí gbèsè bẹ̀rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni USPS ti ń fi owó sítáǹpù àti owó ẹrù bọ́ ara rẹ̀. Owó orí ará ìlú kọ́ ló ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ ró. Nígbà tó di 2006, Kọ́ńgírésì ṣòfin pé kó máa ya nǹkan bíi bílíọ̀nù 5.5 dọ́là sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún ìtọ́jú ìlera àwọn tí yóò fẹ̀yìn tì lẹ́yìnwá ọ̀la. Òfin yẹn kan náà ló ní owó sítáǹpù kò gbọdọ̀ ga ju bí ọjà ṣe ń gbówó lórí lọ. Wọ́n gbẹ́rù lé e lórí, wọ́n tún dè é lọ́wọ́. Ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ní 2008, íméèlì ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ lẹ́tà, nígbà tó sì di 2012, USPS kò rí owó náà san mọ́.

Àìsan yìí ló ń gorí ara wọn nínú ìwé títí ó fi di nǹkan bíi bílíọ̀nù 57 dọ́là, òun sì ni òfin tí Ààrẹ Biden fọwọ́ sí ní oṣù kẹrin 2022 pa rẹ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í gbọ́ rèé: owó tí wọn kò tíì san ni wọ́n pa rẹ́, kọ́bọ̀ kan kò tibẹ̀ wọlé. Lọ́dún yẹn USPS kéde èrè bílíọ̀nù 56. Èrè orí ìwé lásán ni. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó pàdánù bílíọ̀nù 6.5, ní 2024, bílíọ̀nù 9.5.

Ohun tó ń dùn ún gan-an, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Àpótí tí ẹ ń kó lẹ́tà márùn-ún sí tẹ́lẹ̀ lè má rí ju ìwé ìpolówó kan ṣoṣo lónìí, ìrìn tí ẹ sì ń rìn débẹ̀ kò dín. Ní 2001, lẹ́tà First-Class, ìyẹn lẹ́tà gidi bíi ti báńkì, lé ní bílíọ̀nù 100. Kò tó ìdajì ìyẹn mọ́. Àdírẹ́sì tuntun sì ń fi ohun tó lé ní mílíọ̀nù kan pọ̀ sí i lọ́dọọdún, òfin 2022 náà sì ní dandan ni pípín lẹ́tà lọ́jọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Wọ́n ti gbé sítáǹpù lọ sí sẹ́ǹtì 78 ní oṣù keje 2025. Lójú tèmi, sítáǹpù nìkan kò lè gbà á là: bó ṣe ń wọ́n sí i ni báńkì ń rọ oníbàárà kí wọ́n máa wo àkántì wọn lórí fóònù.

Ní ti owó ìfẹ̀yìntì yín, abẹ́ FERS, ètò ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, lẹ wà. Ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ ni owó yẹn wà, OPM, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba, ló ń bójú tó o, kò sí nínú àpò USPS. Kọ́ńgírésì nìkan ló lè fòfin yí i padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni TSP yín, àkántì tí ẹ ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì sí: orúkọ yín ló wà lórí rẹ̀.

Ohun tó yẹ kó ká yín lára ni ọdún yín. Ó gbọ́dọ̀ pé ọdún márùn-ún kí ẹ tó lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìfẹ̀yìntì FERS, wọn kì í sì í ka àkókò CCA mọ́ ọn. Tí ẹ bá kúrò lónìí, kìkì owó tí wọ́n yọ nínú owó oṣù yín fún FERS, pẹ̀lú èlé rẹ̀, lẹ lè gbà padà nínú rẹ̀. Èmi ò ní ju ìyẹn nù nítorí oṣù díẹ̀.

Ti ìlera ni òfin 2022 yí padà fún irú yín. Láti oṣù kìíní 2025, ètò PSHB, ìyẹn ètò ìlera òṣìṣẹ́ USPS, lẹ wà. Tí ẹ bá fẹ̀yìn tì, tí ẹ sì pé 65, ẹ gbọ́dọ̀ gba Part B (apá tó ń sanwó dókítà) ti Medicare, ètò ìlera ìjọba fún àgbàlagbà, kí PSHB má baà bọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ ó sì máa san owó tiẹ̀ lóṣooṣù. Tí ẹ bá ṣì ń ṣiṣẹ́ ní 65, kò tíì di dandan. Ó tún gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ẹ ti wà lórí ètò ìlera náà fún ọdún márùn-ún gbáko ṣáájú ọjọ́ tí ẹ fẹ̀yìn tì; ẹ má ṣe yọ ara yín kúrò torí pé ti ìyàwó yín dínwó.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ wá Form 50 yín, ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ yín ní USPS, kí ẹ wo ọjọ́ tí ìṣirò ìfẹ̀yìntì bẹ̀rẹ̀. Kò ní bá ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ wọṣẹ́ mu. Láti ọjọ́ yẹn ni kí ẹ ti ka ọdún márùn-ún, kí ẹ fi han ìyàwó yín, kí ẹ tó jọ pinnu.