Ẹ Bi Wá Léèrè: Ajá Mẹ́rin, Ilẹ̀kùn Mélòó?

Àwọn tó ní ju ajá kan lọ ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí. Oúnjẹ àti oògùn ni wọ́n rò pé àwọn ń béèrè. Nígbà tí a kà wọ́n tán, ọ̀rọ̀ géètì, ilẹ̀kùn àti ìpààlà ló wà nídìí gbogbo rẹ̀.

*Abo ajá méjì àti akọ kan ni mo ní. Inú ilé yìí ni àwọn abo méjèèjì dàgbà sí, orí ẹní kan náà ni wọ́n ń sùn. Láti ìgbà tí àbúrò ti pé ọdún kan ààbọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti já ara wọn jẹ, ìkẹta sì fa etí ya. Wọ́n ní kí n fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n jà á tán.* — Ìyá Alájá, Ìbàdàn

Ìyá wa, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ o. Akọ méjì lè ja ìjà aláriwo, kí ọ̀kan túúbá, kó sì parí síbẹ̀. Abo méjì tí ẹ̀jẹ̀ ti ta sílẹ̀ láàárín wọn kì í sábà gbàgbé, ìjà tó ń bọ̀ ló sì máa ń le ju èyí tó kọjá lọ. Ọjọ́ orí tí ẹ dá yẹn náà kò yà wá lẹ́nu: láàárín ọdún 1 sí 3 ni ajá ń di àgbà, tí kì í gba ohun tó ń gbà ní kékeré mọ́.

Ẹ ronú sí ibi tí ìjà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ṣẹlẹ̀. Bí kì í bá ṣe ẹnu géètì nígbà tí ẹ ń ti ọjà dé, ó lè jẹ́ ẹnu ọ̀nà tóóró, ẹ̀gbẹ́ abọ́ oúnjẹ, tàbí ọ̀sẹ̀ tí ọ̀kan nínú wọn ń wá akọ. Láti òní lọ, yàrá ọ̀tọ̀ ni kí kálukú ti máa jẹun, kí ilẹ̀kùn wà ní títì. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ẹ kó abọ́ kúrò, ì báà ṣẹ́ kù nínú rẹ̀, kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn. Egungun àti ohun ìṣeré náà, inú àhámọ́ nìkan ni.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kí wọ́n má fojú kanra rárá: bí ọ̀kan bá wà níta, èkejì wà nínú ilé, kí ìlẹ̀kùn méjì sì wà láàárín wọn, nítorí ọmọdé kan á gbàgbé láti ti ọ̀kan lọ́jọ́ kan. Lẹ́yìn náà, kí èèyàn méjì mú wọn rìn lójú ọ̀nà, kálukú pẹ̀lú okùn tirẹ̀, lọ́nà jíjìn síra wọn, kí wọ́n máa sún mọ́ra díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ọ̀kan bá ranjú mọ́ èkejì, tí ara rẹ̀ le gbagidi, ẹ ti sún mọ́ jù.

Bí ìjà bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan ọrùn ajá kankan. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń bu alájá jẹ. Ẹ da omi lù wọ́n. Bí ìyẹn ò bá là á, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì ajá kan mú, kó gbé e sókè bí ẹni ń ti bárò, kó máa fà á sẹ́yìn lọ́nà kọ́lọkọ̀lọ kó má lè yí padà. Èyí tó bá ṣì ki eyín bọ èkejì lára, ẹ má fà á. Ẹ dúró kó tú ẹnu, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹran ni yóò ya. Ihò eyín tó kéré lójú awọ lè jìn gan-an nínú, nítorí náà kí dókítà ẹranko rí i lọ́jọ́ yẹn. Bó bá ṣe èèyàn ló bù jẹ, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn, nítorí dìgbòlugi.

Yíyọ ilé ọmọ lè dá ìjà ìgbà wíwá akọ dúró. Kò lè pa ìkórìíra tó ti wọra rẹ́. Bí wọ́n bá tún ṣe ara wọn léṣe lẹ́yìn gbogbo èyí, èrò tiwa ni pé kí ẹ wá ilé rere fún ọ̀kan. Kì í ṣe ìwà ìkà.

*German Shepherd méjì ni mo ní, akọ àti abo, oyún kan náà ni wọ́n ti wá. Abo ti pé oṣù 10, ẹ̀jẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lára rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹni tó tà wọ́n fún mi ní kí n jẹ́ kí wọ́n gun ara wọn, pé ẹranko ò mọ ẹ̀gbọ́n.* — Akọ̀wé, Ìkòròdú

Ẹranko ò mọ ẹ̀gbọ́n lóòótọ́, àmọ́ àrùn mọ̀ ọ́n. Ọmọ tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò bá bí, ìdá 25 nínú 100 ni àǹfààní pé ẹ̀dà kan náà ni yóò gbà lọ́dọ̀ bàbá àti lọ́dọ̀ ìyá, níbi yòówù kí èèyàn wò nínú ohun tó jogún. Bàbá àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, iye kan náà ni. Àbùkù tó sá pamọ́ lára àwọn òbí á wá yọjú. Nínú German Shepherd, egungun ìbàdí tí kò wọnú ara rẹ̀ dáadáa ni ká kọ́kọ́ bẹ̀rù: ọmọ ajá á máa ta pọ́nún pọ́nún bí ọmọ ehoro, kó tó pé ọdún méjì ìdìde á ti dogun.

Ẹ jẹ́ kí abo yìí tó ọmọ ọdún méjì, kí ẹ ya X-ray ìbàdí rẹ̀, kí ẹ wá akọ tí wọn ò jọ ní bàbá tàbí bàbá àgbà, tí òun náà ní X-ray. Ẹni tó bá ní ojú lásán lòun fi mọ ìbàdí tó dáa, ẹ kí i, ẹ máa lọ.

Nígbà tó bá tó àkókò, ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ rí ẹ̀jẹ̀ ni ọjọ́ 1. Ọ̀pọ̀ abo máa ń gbà láàárín ọjọ́ 10 sí 14, ṣùgbọ́n a ti rí èyí tó gbà ní ọjọ́ 7, àti èyí tí kò gbà títí di ọjọ́ 18. Ohun tó ń dójú ti àwọn tó ń ka ọjọ́ lórí ìka nìyẹn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún progesterone, èròjà ara tó ń fi ìgbà tí ẹyin ń bọ́ hàn, ló dájú jù. Bí kò bá sí, ẹ wo ara rẹ̀: ẹ̀jẹ̀ á ṣí bí omi tí a fi fọ ẹran, bí ẹ bá sì fọwọ́ kan ìdí rẹ̀, á yí ìrù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ mú abo lọ bá akọ nílé akọ, lẹ́ẹ̀mejì, kí wákàtí 48 wà láàárín. Wọ́n á so mọ́ra, ìdí kọ ìdí, fún bí ìṣẹ́jú 10 sí 30. Ẹni tó bá da omi lù wọ́n tàbí tó fi igi lé wọn nígbà yẹn lè ṣe àwọn méjèèjì léṣe.

Lẹ́yìn náà ni àṣìṣe ńlá. Wọ́n á rò pé ó ti parí, wọ́n á tú abo sílẹ̀. Ó ṣì lè gba akọ mìíràn, oyún kan sì lè ní bàbá méjì. Ìwé ìran àwọn ọmọ yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn, àfi kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò DNA. Inú yàrá olórùlé ni kó wà títí ohun tó ń jáde lára rẹ̀ fi gbẹ, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti ọjọ́ 1. Akọ ajá ń fo ògiri. Akọ tí ẹ ní nílé yẹn gan-an ni kó kúrò níbẹ̀ fún ìgbà yìí, bó bá ṣeé ṣe. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀ pẹ̀lú alákọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ṣé owó ni yóò gbà tàbí ọmọ ajá kan, ta ni yóò kọ́kọ́ mú, àti pé bí oyún ò bá dúró, ṣé ẹ ó tún padà wá láìsanwó.

*Boerboel mi ku ọ̀sẹ̀ kan ààbọ̀ kó bí. Ajá mìíràn méjì wà nínú ọgbà. Kí ni mo gbọ́dọ̀ ní nílẹ̀?* — Olóyún Àkọ́kọ́, Abẹ́òkúta

Àpótí ìbímọ kọ́kọ́. Fún irú ajá ńlá bẹ́ẹ̀, kó tó 120 sẹ̀ǹtímítà níbùú àti lóòró. Ẹ kan igi yíká ògiri rẹ̀ nínú, kó ga ju ilẹ̀ lọ ní bíi sẹ̀ǹtímítà 10. Igi yẹn ló ń gba ọmọ là nígbà tí ìyá bá fẹ̀yìn ti ògiri láìwo ẹ̀yìn wò. Ìwé ìròyìn ni kí ẹ tẹ́ sílẹ̀. Yàrá tí àwọn ajá yòókù ò lè dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni kí ẹ gbé e sí, nítorí ìyá tí ń ṣọ́ ilẹ̀kùn kì í fọkàn balẹ̀ fọ́mọ lọ́mú. Òun ni kó kọ́kọ́ mọ àpótí náà. Ẹ jẹ́ kó máa sùn síbẹ̀ láti òní.

Ọjọ́ 63 ni oyún ajá ń gbà láti ìgbà tí ẹyin ti bọ́. Láti bíi ọjọ́ 57, ẹ fi tẹ̀mómítà wo ìdí rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá já wá sísàlẹ̀ 37.2 lórí ìwọ̀n Celsius, nǹkan bí wákàtí 24 ló kù. X-ray lẹ́yìn ọjọ́ 55 á sọ iye ọmọ fún yín, kí ẹ lè mọ ìgbà tó bí tán.

Nígbà ìrọbí, ohun mẹ́ta ló ń sọ pé ẹ gbé e lọ bá dókítà lójú ẹsẹ̀: bó bá fi gbogbo agbára rọbí fún ìṣẹ́jú 30 tí ọmọ ò jáde, bí wákàtí méjì bá kọjá láàárín ọmọ méjì tí a sì mọ̀ pé ó kù, bí omi aláwọ̀ ewé bá jáde kí ọmọ àkọ́kọ́ tó dé. Bí ìyá ò bá fa awọ ojú ọmọ ya, ẹ fi ìka ya á láti imú, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún kíkan kíkan títí yóò fi ké. Ẹ fi òwú so ìwọ́ ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà méjì sí ikùn kí ẹ tó gé e, kí ẹ rì í sínú iodine. Kí ẹnikẹ́ni má ju ọmọ fìrì fìrì nítorí kó lè mí. A mọ̀ pé àwọn àgbà alájá ń ṣe é, ọpọlọ ló ń fọ́.

Òtútù ń pa wọ́n ju ebi lọ, pàápàá lóru ọyẹ́. Ẹ gbé gílóòbù tó ń gbóná sí igun kan ṣoṣo, kí ibẹ̀ tó nǹkan bí 30 lórí ìwọ̀n Celsius, kí ìyá lè rí igun tútù sùn. Ẹ máa wọn ọmọ kọ̀ọ̀kan lórí ìwọ̀n lójoojúmọ́. Ó yẹ kó ti di ìlọ́po méjì ìwọ̀n ọjọ́ ìbí rẹ̀ láàárín ọjọ́ 8 sí 10. Èyí tí kò lé sí i fún odidi ọjọ́ kan nílò ìrànlọ́wọ́ kí ó tó máa sunkún.

Ẹ má fún ìyá ní oògùn calcium nígbà oyún. Ó ń mú ara ya ọ̀lẹ láti máa yọ tirẹ̀ jáde látinú egungun, nígbà tí ọmú bá wá pọ̀ ní ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, á máa gbọ̀n, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, ẹsẹ̀ á le. Ẹ gba ọmọ lọ́mú rẹ̀, kí ẹ sì sáré. Ó lè kú lọ́jọ́ yẹn.

*Ọmọ ajá mẹ́rin ló ṣu ẹ̀jẹ̀ kú láàárín ọjọ́ mẹ́fà. Mo ti fi oògùn apakòkòrò tó ń rùn líle fọ ilé wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà wo ni mo lè ra òmíràn?* — Ọlọ́jà, Òṣogbo

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àfi àyẹ̀wò ló lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, ṣùgbọ́n Parvo, kòkòrò àrùn tó ń ba ìfun ọmọ ajá jẹ́, ni ó jọ. Oògùn tí a ń dà sí ṣálángá kì í pa á. Bílíìṣì ló ń pa á. Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ gbogbo ìgbẹ́ kúrò, kí ẹ ṣan án, nítorí bílíìṣì kì í ṣiṣẹ́ lórí ìdọ̀tí. Ẹ wá po ife kan bílíìṣì tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 tàbí 6 nínú 100 mọ́ ife omi 30, ẹ da á sílẹ̀, kí ilẹ̀ sì wà ní tútù fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ má pò ó mọ́ oògùn mìíràn, èéfín rẹ̀ ń pani. Sìmẹ́ǹtì nìyẹn. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ò ṣeé fọ̀: ẹ má gbé ọmọ ajá tí kò tíì pé abẹ́rẹ́ síbẹ̀ fún ọdún kan.

Èyí tí ẹ bá máa rà lẹ́yìn èyí, ẹ ra èyí tó ti pé abẹ́rẹ́. Ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta tàbí mẹ́rin mẹ́rin, títí ọmọ yóò fi tó ọ̀sẹ̀ 16. Ìdí tí ọ̀kan ṣoṣo kò fi tó ni pé ààbò tó ti inú wàrà ìyá wá lè pa agbára abẹ́rẹ́ náà. Ẹ sì béèrè ibi tí wọ́n ń tọ́jú abẹ́rẹ́ sí: ìwọ̀n 2 sí 8 lórí Celsius ni, ilé tí iná ń lọ fún ọjọ́ méjì láìsí jẹnẹrétọ̀ ń gún ajá lómi lásán.

*Eégbọn kún ara ajá mi márààrún, mo sì ń wẹ̀ wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.* — Adìẹ-ò-sí, Ìjẹ̀bú-Òde

Ògiri ni kí ẹ wẹ̀. Inú ihò ògiri ni abo eégbọn ń yé ẹyin rẹ̀ sí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi sìmẹ́ǹtì dí ihò, ẹ fín ògiri títí dé òkè, ẹ tọ́jú ajá márààrún lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Kì í ṣe ọ̀tápíápíá o. Èyí tí ìtọ̀ rẹ̀ bá dà bíi kọfí, tí èrìgì rẹ̀ funfun, dókítà ni kó lọ lónìí.

*Mo ní ajá mẹ́ta, mo fẹ́ mú Rottweiler mi, akọ, lọ sí ìdíje lóṣù mẹ́ta sí i. Kí ni adájọ́ ń wò?* — Alákọ, Lẹ́kì

Ìwọ̀n tí àgbáyé fi ń dájọ́ ni pé kí akọ Rottweiler ga tó sẹ̀ǹtímítà 61 sí 68 ní èjìká. Eyín 42 ni adájọ́ ń kà, kí tòkè bo tìsàlẹ̀ díẹ̀ bí ẹnu àlùmọ́gàjí. Kóró méjèèjì gbọ́dọ̀ ti sọ̀ sínú ẹpọ̀n. Lẹ́yìn náà ìrìn, níbi tí púpọ̀ ti ń sọ ẹ̀bùn nù: ajá tí inú àhámọ́ ni wọ́n sìn ín kì í mọ sísáré sùẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì ẹni tó mú un.

Ẹ mú òun nìkan jáde, kí ẹ ti àwọn méjì yòókù mọ́lé, nítorí ajá ò lè kẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìṣẹ́jú 5 láàárọ̀, 5 lálẹ́. Kó dúró tọ́, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nílẹ̀, kí àlejò ṣí ètè rẹ̀, kó fọwọ́ pa ara rẹ̀ dé ìdí. Àlejò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ o, nítorí ajá tó bá kùn mọ́ adájọ́, ilé ló ń lọ. Ẹ gé èékánná lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ méjì ṣáájú ni kí ẹ wẹ̀ ẹ́. Ní àárọ̀ ìdíje, kò gbọ́dọ̀ jẹun kó tó wọ mọ́tò, kí ẹ sì kúrò nílé kí oòrùn tó là. Afárá Èkó nígbà sún-kẹẹrẹ ti pa ajá nínú ooru rí.

Bí ẹ bá padà dé pẹ̀lú ife, ẹ má jẹ́ kó sáré wọlé bá àwọn tó kù. Ikọ́ àti àìsàn mìíràn ń bá ajá ti ìdíje dé. Ibùsùn ọ̀tọ̀, abọ́ ọ̀tọ̀, fún ọjọ́ 10 sí 14, bí abo olóyún tàbí ọmọ ajá bá wà nílé. Bàtà tí ẹ wọ̀ lọ, ẹ bọ́ ọ sí ẹnu géètì.