Kó o tó lọ gbẹ́rù rìgì ní Catoosa, téèpù ni kó o kọ́kọ́ rà

Àbúrò, mo ka ohun tó o kọ dáadáa. O ní Garland lò ń gbé, o ti ra RGN, tírélà tó rẹlẹ̀ tí ọrùn ẹ̀ ṣeé yọ, oní-áàsì (ọ̀pá tí táyà wà lára ẹ̀) mẹ́ta, dispatcher kan, ẹni tó ń pín ẹrù fún awakọ̀, wá pè ẹ́ pé òun ní pọ́ǹpù tó ń ti ẹrẹ̀ wọ kànga kan àti ilé shaker kan, ilé tí wọ́n ti ń sẹ́ òkúta kúrò lára ẹrẹ̀ náà, tó fi bájì (ọkọ̀ omi pẹlẹbẹ) dé Port of Catoosa ní Oklahoma, pé kó o wá kó wọn lọ sídìí rìgì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ kànga epo, lápá Pecos ní Texas, lo bá ń bèèrè bóyá owó tó dá lé e dáa. Mi ò tíì ní dá ẹ lóhùn lórí owó. Owó yẹn ò tíì nítumọ̀ kankan títí wàá fi mọ bí ẹrù yẹn ṣe ga tó àti bó ṣe wúwo tó lórí tírélà tìẹ, lẹ́yìn tó o bá ti dè é tán, kì í ṣe bí ẹnì kan ṣe kọ ọ́ sínú ìwé níbi tó ti ń gba atẹ́gùn AC.

Àwọn èèyàn wa ní Houston máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé port wo ló wà ní Oklahoma, ilẹ̀ tí ò gbúròó òkun rí. Odò ni o. Verdigris lodò tó wà níbẹ̀, ó ṣàn lọ bá Arkansas, Arkansas lọ bá Mississippi, ọ̀nà omi tí wọ́n là yẹn jẹ́ 445 máìlì, lock (géètì omi) 18 ló wà lórí ẹ̀ tí bájì máa ń gbà gòkè wá bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn, 1971 ni wọ́n ṣí i. Ẹrù tí apá títì ò bá ká láti New Orleans, bájì ni wọ́n ń fi gbé e wá, kireni tó wà létí omi níbẹ̀ lè gbé 200 tọ́ọ̀nù. Ṣùgbọ́n omi ò mọ àdéhùn tí ìwọ àti dispatcher jọ ṣe. May 2019 tí omi kún, bájì méjì já okùn lápá Muskogee, àgbàrá gbé wọn lọ kọ lu dáàmù Webbers Falls, wọ́n rì síbẹ̀, ọ̀pọ̀ oṣù ni ọ̀nà omi yẹn ò fi ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Torí náà tí wọ́n bá ní bájì ń bọ̀ lọ́jọ́ Túsìdeè, má tíì lọ sanwó pámíìtì, ìwé àṣẹ tí ìpínlẹ̀ ń fún ẹrù tó bá ga, fẹ̀ tàbí wúwo ju bí òfin ṣe fẹ́ lọ. Pámíìtì ìrìn ẹ̀ẹ̀kan, ọjọ́ péréte ló fi ń ṣiṣẹ́, tó bá kú mọ́ ẹ lọ́wọ́ kí ẹrù tó bọ́ sílẹ̀, ìwọ lo máa san òmíràn. Káàdì TWIC tí wọ́n fi ń wọ èbúté ńkọ́, ṣé o ní in? Láìsí i, ẹlòmíì ló máa máa tẹ̀ lé ẹ kiri níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù, ìyẹn tí wọ́n bá tiẹ̀ jẹ́ kó o wọlé, TSA, iléeṣẹ́ ààbò ìrìnnà ti ìjọba, sì máa ń ṣèwádìí kí wọ́n tó fún èèyàn, kì í ṣe ohun tí wàá gbà lónìí kó o lò ó lọ́la.

Ó yá, ọ̀rọ̀ gíga. Ní Oklahoma, ẹsẹ̀ bàtà 13 àti íǹṣì 6 lo lè ga dé láìgba pámíìtì. Texas gbà ẹ́ láàyè dé 14. Fífẹ̀ jẹ́ 8 àti íǹṣì 6 níbi méjèèjì, ìwọ̀n gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ 80,000 pọ́n-ùn.

Jẹ́ n sọ èyí tó ṣojú mi. Ilé shaker ni, irú èyí tí wọ́n ní kó o wá gbé yìí gan-an. Ìwé broker, alágbàtà tó bá mi wá ẹrù, sọ pé ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 11 àti íǹṣì 7. Pèpéle tírélà mi ga ní íǹṣì 22. Ṣírò ẹ̀, 13 àti íǹṣì 5 ni, ìyẹn ni pé fífẹ̀ nìkan la gba pámíìtì fún, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ gíga. Kireni gbé e lé mi lórí, mo de ṣéènì méjì àkọ́kọ́, mo na ọ̀pá ìwọ̀n sókè, mo rí 14 àti íǹṣì 1. Mo tún un wọ̀n, nǹkan kan náà. Mo gun àkàbà lọ wò ó. Ẹni tó ya àwòrán ẹ̀ ka òrùlé, kò ka páìpù kan tó yọrí sókè lẹ́yìn tí èéfín fi ń jáde, ọ̀dà kan náà ni wọ́n fi kun òun àti òrùlé, o ò lè dá a mọ̀ láti ilẹ̀. Mo pe broker, ó fárí gá, ó ní àwọn tó wà lórí rìgì ti ń dúró, pé íǹṣì mélòó lèmi ń pariwo lé, tí mi ò bá lọ òun á gbé e fún ẹlòmíì. Mo ní kó gbé e fún un. Bàbá òyìnbó tó ń wa kireni ló rẹ́rìn-ín, ó mú sípánà ńlá wá, ìdí páìpù yẹn ti dípẹtà, a fín òróró sí nọ́ọ̀tì mẹ́rin yẹn, a jókòó, a tún fín in, nígbà tó yá wọ́n tú. Mo fi nylon wé e, mo dè é mọ́ ara pèpéle. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, 13 àti íǹṣì 5. Kò sẹ́ni tó sanwó ìdúró yẹn fún mi, ó sì ń dùn mí títí dòní, ṣùgbọ́n mi ò bá pọ́líìsì kankan fà á láàárín Catoosa àti ibi tí mò ń lọ. Mọ èyí náà pé wọn kì í sábà fún èèyàn ní pámíìtì gíga torí ohun tó ṣeé tú sílẹ̀, wọ́n á ní kó o lọ tú u.

Tó o bá rò pé mo ń ṣàṣejù, lọ ka ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Washington State ní May 23, 2013. Ẹrù rìgì lòun náà gbé, ilé kan tí wọ́n ń lò nídìí ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀, láti Alberta ní Kánádà ló ti ń bọ̀. Pámíìtì wà lọ́wọ́ ẹ̀ o. Ọkọ̀ aṣíwájú tó gbé ọ̀pá tí wọ́n fi ń wo gíga wà níwájú ẹ̀ o. Ó dé orí bíríìjì Skagit lórí I-5, irin tó dábùú òkè bíríìjì yẹn tẹ̀ kọrọdọ, ó ga láàárín, ó wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọwọ́ ọ̀tún tó rẹlẹ̀ yẹn gan-an lọkọ̀ náà gbà, ẹni tó wa ọkọ̀ aṣíwájú sì ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́wọ́. Ẹrù ṣá irin wọ̀nyẹn, apá kan bíríìjì jábọ́ sínú odò, ọkọ̀ méjì bá a lọ, èèyàn mẹ́ta ni wọ́n fà jáde, ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run pé kò sẹ́ni tó kú. Látìgbà tí mo ti ka ìròyìn àwọn NTSB, àwọn tó ń wádìí jàǹbá ọkọ̀ fún ìjọba Amẹ́ríkà, lórí ẹ̀, mi ò bá ọkọ̀ aṣíwájú lọ mọ́ láìjẹ́ pé a ti jọ dán rédíò wò níwájú géètì, mo sì máa ń sọ fún un lójú ara ẹ̀ pé tó bá gba ìpè fóònù, màá páàkì. Kó jìnnà sí ẹ tó fi jẹ́ pé tí ọ̀pá ẹ̀ bá kan nǹkan, wàá ráyè dúró. Èyí tó sún mọ́ ẹ jù, ọ̀ṣọ́ lásán ni.

Ọ̀nà tí wọ́n kọ sínú pámíìtì nìkan ni ọ̀nà ẹ. GPS ò mọ ẹ, ọ̀rẹ́ ẹ tó ti gba ibẹ̀ rí ò mọ ẹ. Tó o bá yà sí ibi tí wọn ò kọ, kódà kó jẹ́ láti lọ ra epo, o ò ní pámíìtì mọ́ nìyẹn. Ti Oklahoma dópin ní Red River, ti Texas ló máa gbé ẹ sọdá, TxDMV, iléeṣẹ́ ọkọ̀ ti ìpínlẹ̀ Texas, ló ń ṣe é, kó o sì fi déètì méjèèjì síra dáadáa kí ọ̀kan má lọ kú kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀. Ní Texas tó o bá ti fẹ̀ kọjá 14 o nílò ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ kan, kọjá 16 ó di méjì, iwájú àti ẹ̀yìn, tó o bá ga kọjá 17 ti iwájú gbọ́dọ̀ gbé ọ̀pá. Ojúmọmọ lo máa rìn, láti ìdajì wákàtí ṣáájú kí oòrùn tó yọ títí di ìdajì wákàtí lẹ́yìn tó bá wọ̀, àwọn ìlú ńlá bíi Dallas àti Fort Worth sì tún ní àsìkò tí wọn ò fẹ́ rí ẹ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Gbogbo ìyẹn ló ń jẹ ọjọ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́.

Ibi tí mo fẹ́ kó o ti fara balẹ̀ ni pọ́ǹpù ẹrẹ̀ yẹn. Tó bá jẹ́ oní 1600 horsepower, ara ẹ̀ nìkan á kọjá 50,000 pọ́n-ùn, tí wọ́n bá ti to mọ́tò àti skid, férémù irin tó máa ń jókòó lé, mọ́ ọn, ó lè wọ 90,000. Ó yá, ka áàsì ẹ. Pámíìtì Texas gbà ẹ́ láàyè 46,000 lórí áàsì méjì tí ẹńjìnnì ń yí, 60,000 lórí mẹ́ta tìẹ tó wà lẹ́yìn, fi bíi 13,000 sí ti iwájú, ó jẹ́ 119,000. Ọkọ̀ àti RGN lófìfo, jẹ́ ká fi sí 45,000. Ohun tó ṣẹ́ kù fún ẹrù jẹ́ 74,000. Ṣó o ti rí i? Tí wọ́n bá ti to pọ́ǹpù yẹn tán kí wọ́n tó gbé e wá, tírélà ẹ ò lè gbé e lọ, àfi tó o bá háyà jeep, tírélà kékeré tí wọ́n ń fi sáàárín ọkọ̀ àti tírélà, tàbí áàsì àfikún, owó ẹ̀ ò sì sí nínú ohun tí dispatcher dárúkọ fún ẹ. Ó mọ̀. Bó ò bá bi í, kò ní sọ.

Ṣéènì, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Ẹ̀rọ tó bá ti lé ní 10,000 pọ́n-ùn, ó kéré tán ìdè mẹ́rin, agbára gbogbo ìdè wọ̀nyẹn lápapọ̀ ò sì gbọ́dọ̀ dín sí ìdajì ìwọ̀n ẹrù. Ṣéènì Grade 70 onídajì íǹṣì gba 11,300, ti ⅜ gba 6,600, fúnra ẹ ni kó o ṣírò ẹ̀, èmi máa ń fi méjì lé e. Láàárín 50 máìlì àkọ́kọ́ dúró kó o yẹ̀ ẹ́ wò, òfin ni, skid irin tó bọ́ láti inú bájì máa ń ní omi àti ẹrẹ̀ nísàlẹ̀, ó máa ń yọ̀ díẹ̀ kó tó jókòó, ibẹ̀ ni ṣéènì ti ń dẹ̀.

Ibi iṣẹ́ fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ọ̀nà tó lọ sídìí kànga lápá Pecos, caliche, ilẹ̀ ẹfun líle, ni, tí òjò bá rọ̀ ó di ọ̀dà. Pe ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ kó o tó kúrò lórí títì, bi í bóyá ibi tí wàá ti yí padà wà. Tí wọ́n bá ní dozer máa fà ẹ́ wọlé, iwájú ọkọ̀ ni kí wọ́n kọ́ ọ mọ́, má jẹ́ kí wọ́n fi ṣéènì kọ́ ara gooseneck, ìyẹn ọrùn tírélà. Wọ́n sì lè mú ẹ dúró níbẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Àwọn kan á máa sọ fún ẹ pé ìdúró nídìí rìgì kì í jẹ wákàtí tí òfin fún ẹ láti ṣiṣẹ́ lójúmọ́, pé òfin oilfield wà. Òfin yẹn wà lóòótọ́, àwọn awakọ̀ tí wọ́n dìídì kọ́, tí wọ́n ń wa àwọn ọkọ̀ tí wọ́n dìídì ṣe fún iṣẹ́ kànga ló wà fún. Ìwọ tó o wá já ẹrù sílẹ̀, kò kàn ẹ́. Owó ìdúró, kí wọ́n kọ ọ́ sínú rate confirmation, ìwé àdéhùn owó, kí wọ́n kọ wákàtí tó máa bẹ̀rẹ̀ àti iye rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ò wúlò.

Owó tó o wá béèrè nípa ẹ̀ nìyẹn o. Yọ pámíìtì ìpínlẹ̀ méjèèjì kúrò, yọ ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ àti ilé tí wọ́n máa sùn, yọ jeep, yọ epo ìlọ àti ti àbọ̀, torí òfìfo lo máa ti Pecos bọ̀. Yẹ ìnṣọ́ránsì ẹrù ẹ wò, 750,000 dọ́là tí ìjọba ní kó o ní, ti ohun tó o bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà nìyẹn, kò bo pọ́ǹpù tó wà lẹ́yìn ẹ. Ní tèmi o, ilé shaker nìkan ni màá gbà lójú ìdúnàádúrà yìí, màá fi pọ́ǹpù sílẹ̀ fún ẹni tó ní áàsì. Kó o má sì torí rìgì nìkan jókòó sí Catoosa. April 2020 tí owó epo lọ sísàlẹ̀ òdo, RGN kún gbogbo yáàdì, àwọn tó rọ́wọ́ mú nígbà yẹn làwọn tó ń gbé heat exchanger, ẹ̀rọ tó ń gbé ooru láti inú nǹkan kan sí òmíràn, tí wọ́n ń ṣe ní Tulsa àti transformer.

Ní kó fi drawing pọ́ǹpù yẹn ránṣẹ́ sí ẹ, kó o ní òun gangan lo fẹ́, èyí tó kọ ìwọ̀n àti ibi tí ìwọ̀n ẹ̀ dúró sí. Tó bá dé, gbé e síbí, bo orúkọ kọ́ńpìnnì mọ́lẹ̀, ká jọ ka áàsì ẹ̀.