Ṣé ọmọ ọdún 13 lè wo Roman Holiday?

Ìbéèrè, láti Leeds:

Ẹ kú ilé o. Ọmọbìnrin mi pé 13 lóṣù tó kọjá. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ méjì fẹ́ wo fíìmù àtijọ́ kan nílé wa lọ́jọ́ Sátidé, Roman Holiday ni wọ́n ń pè é. Ọkọ mi ní fíìmù dúdú-àti-funfun, kí ló fẹ́ burú nínú ẹ̀. Èmi ò gbà, mo yọ́ ọ wò lóru. Ó dé ibi tí ọmọbìnrin yẹn ti bá ọkùnrin tí kò mọ̀ rí wọ yàrá láàjìn, tó tún ní kó bá òun bọ́ aṣọ. Mo pa tẹlifíṣọ̀n lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti wò ó dópin, ṣé kí n fún wọn láyè?

Èsì, láti Houston:

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tètè pa á jù. Ká ní ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún un ni, ẹ̀rín ni ì bá pa yín.

Ọmọ ọba ni ọmọbìnrin tẹ́ ẹ rí yẹn; dókítà ló gún un lábẹ́rẹ́ oorun kó tó sá jáde. Joe, akọ̀ròyìn tó bá a níbi tó sùn sí lẹ́bàá ọ̀nà, rò pé ó mutí yó ni. Ó fẹ́ kí onítakisí bá òun gbé e lọ, onítakisí kọ̀ jálẹ̀. Ìgbà tí wọ́n dé yàrá, ọmọ ọba dúró gbagidi, ó ń retí kí wọ́n bọ́ṣọ lọ́rùn òun bí àwọn ìránṣẹ́ ṣe máa ń ṣe é. Joe tú táì ọrùn ẹ̀, ó ní èyí tó kù dọwọ́ ẹ, ó bọ́ síta lọ mu kọfí. Ó padà dé, ó bá a lórí bẹ́ẹ̀dì òun, ló bá yí i sórí àga gígùn bí ẹni ń yí àpò gàrí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wọn, torí bàtà. Ọmọ ọba ń kí àwọn àlejò ńláńlá, ó rẹ̀ ẹ́, ó yọ ẹsẹ̀ kan kúrò nínú bàtà lábẹ́ ẹ̀wù gígùn. Bàtà bá dojú dé. Ó ń fi ọmọ-ìka-ẹsẹ̀ wá a kiri, ojú ẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín sí àwọn àlejò. Ọmọ wa tó bá ti wọ bàtà gogoro lọ síbi ìgbéyàwó rí, tí a ń fà á láti tábìlì dé tábìlì pé "wá kí bùrọ̀dá, wá kúnlẹ̀ fún àǹtí", á mọ ohun tó ń ṣe é.

Sìgá wà níbẹ̀, àkọ́kọ́ irú ẹ̀ láyé ọmọ ọba yẹn, àti ṣaǹpéènì lọ́sàn-án gangan. Òun àti Joe fẹnu ko ara wọn lẹ́nu lẹ́yìn tí wọ́n bẹ́ sódò, àti nínú mọ́tò kí wọ́n tó pínyà. Ọmọ ọba la gìtá mọ́ ẹ̀ṣọ́ kan lórí. Àwọn ọmọ mi ní ká dá ibẹ̀ padà lẹ́ẹ̀mẹta.

Tèmi, láítà Irving, ọ̀rẹ́ Joe, ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́. Inú ìwé ìròyìn ni Joe ti rí fọ́tò tó fi mọ ẹni tó sùn nílé òun. Ọ̀gá ẹ̀ ti ṣèlérí 5,000 dọ́là tó bá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ ọba. Ló bá pe ọ̀rẹ́ ẹ̀ Irving, tó fi kámẹ́rà pamọ́ sínú láítà, ó ń ṣe bí ẹni ń tanná sí sìgá, ó ń ya ọmọ ọlọ́mọ. Joe ní ajílẹ̀ lòun ń tà. Ọmọ ọba náà ní ọmọ iléèwé lòun, òun sá jáde ni. Ọmọ mi obìnrin, 14 ni nígbà yẹn, dá a dúró níbẹ̀, ó ní: "Mọ́mì, gbogbo bó ṣe ń ṣe é dáadáa yìí, ó fẹ́ tà á ni?" Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn ọmọ ń fi fóònù ya ara wọn lónìí. Ọ̀rọ̀ yẹn gbà wá tó wákàtí kan, mi ò sì tíì rí ìwàásù tó wọ̀ wọ́n létí tó bẹ́ẹ̀.

Ní ti àwọn òṣèré, Audrey Hepburn ló ṣe ọmọ ọba. Brussels ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1929, ó fojú winá ebi ní Họ́láńdì lásìkò ogun. Nígbà tí wọ́n dán an wò, wọ́n ní kí oníkámẹ́rà máà dáwọ́ dúró bí wọ́n bá ní ó tó. Ó rò pé ó ti parí, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tàkúrọ̀sọ, ó ń rẹ́rìn-ín, ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ ni wọ́n tìtorí ẹ̀ mú un. Gregory Peck, tó ṣe Joe, ni gbajúmọ̀ láàárín wọn. Òun fúnra ẹ̀ ló ní kí wọ́n kọ orúkọ ọmọ tuntun yìí sókè pẹ̀lú tòun. Oscar ni ọmọ náà fi gbà.

Ẹ múra fún ibi òkúta elẹ́nu nlá ní Róòmù, Bocca della Verità, tí wọ́n ní ó máa ń bu ọwọ́ òpùrọ́ jẹ. Peck fi ọwọ́ pamọ́ sínú aṣọ láìsọ fún Hepburn; igbe tẹ́ ẹ máa gbọ́ yẹn, igbe tòótọ́ ni. Àbíkẹ́yìn mi ti fi apá ẹ̀wù tó ṣófo dẹ́rù bà mí fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Ọkọ yín ni kẹ́ ẹ sọ èyí fún: Dalton Trumbo tó kọ ìtàn náà ò lè fi orúkọ ara ẹ̀ sí i. Wọ́n ti sọ ọ́ sẹ́wọ̀n torí pé kò dáhùn ìbéèrè ilé aṣòfin Amẹ́ríkà lórí ọ̀rọ̀ kọ́múníìsì, Hollywood sì ti lé e. Ọ̀rẹ́ ẹ̀, Ian McLellan Hunter, ló yá a lórúkọ, Hunter ló sì gba Oscar ìtàn. Ọdún 1993 ni wọ́n tó gbé ti Trumbo fún ìyàwó ẹ̀, ọkọ ti kú láti 1976.

Joe àti ọmọ ọba ò fẹ́ra o, ẹ tètè sọ fún àwọn ọmọ kí ẹkún má bàa pọ̀. Irving gbé gbogbo fọ́tò náà lé ọmọ ọba lọ́wọ́ nínú àpòòwé, níṣojú àwọn oníròyìn, Joe ò sì kọ nǹkan kan. Òun nìkan ló kù nínú gbọ̀ngàn ńlá yẹn, ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó ń rìn bọ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà, ẹ̀ ń gbọ́ ìró bàtà ẹ̀. Ọkọ mi tó ní òun ò wo fíìmù obìnrin ti dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì wa, abọ́ lọ́wọ́, omi ọṣẹ ń kán sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ó ní: "Ṣé kò ní sáré padà jáde wá bá a ni?"