Kó tó gba yàrá, kó gba oògùn rẹ̀ sọ́wọ́

Ẹ kú ìrọ́jú, Mọ́mì. Ẹ ní ara ọmọ yín obìnrin ti yá, ó fẹ́ gba yàrá tirẹ̀ ní Adìgbẹ, ọkàn yín ò sì balẹ̀. Èmi náà ṣàìsàn ọpọlọ nígbà èwe, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Aró, ní Abẹ́òkúta, ni wọ́n ti tọ́jú mi, mo sì ń dá gbé báyìí. Ó lè ṣe é. Àmọ́ ẹ má fi yàrá bẹ̀rẹ̀, oògùn ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Bàbá mi ló máa ń ka oògùn fún mi, tí wọ́n á dúró tì mí títí n ó fi gbé e mì. Àwọn ni wọ́n gbà mí là nígbà yẹn. Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì kan dá a lábàá pé kí oògùn máa wà lọ́wọ́ mi, kí n máa dá lọ rí dókítà, kí n fi ẹnu ara mi sọ bí oorun mi ṣe rí. Ó pẹ́ tá a ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ yàrá. Tó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ olóṣooṣù lọmọ yín ń gbà, kó máa rántí ọjọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kó má sì torí pé ara ti yá dá oògùn dúró; dókítà ló ń dín in kù, díẹ̀díẹ̀.

Lẹ́yìn oògùn, oorun. Aránṣọ ni mí ní Pánṣẹ́kẹ́. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí Iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀: gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ń ránṣọ mọ́jú. Èmi kì í ṣe é. Àìsùn ló máa ń ṣáájú àìsàn tèmi, torí náà tí aṣọ bá ti tó èyí tí mo lè fi ojúmọmọ rán, mi ò gba òmíràn mọ́. Owó ńlá ló ń kọjá lọ lójú mi, ó sì máa ń dùn mí gan-an. Ẹ bá a wo iṣẹ́ tó ń ṣe dáadáa.

Kó má lọ gba ilé àdádó o. Nígbà tí Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aró ní 1954, ilé àwọn ará abúlé tó wà nítòsí ló fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí, tàwọn ti mọ̀lẹ́bí wọn, kí wọ́n lè máa gba ìtọ́jú láàárín èèyàn. Èmi gba yàrá nínú ilé tí ayálégbé pọ̀ sí. Onílé ò mọ̀ nípa àìsàn mi. Ìyá kan ní yàrá kejì mọ̀: tí wọ́n bá rí iná mi tó ń tàn mọ́jú, tàbí tí ọ̀rọ̀ mi bá ń yára jù, wọ́n á pe ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fún ẹlòmíì ní yàrá rẹ̀ nílé. Ó lè nílò láti wá sinmi lọ́dọ̀ yín fún ìgbà díẹ̀. Tó bá wá, ẹ bá a san owó iná yàrá rẹ̀ ní Adìgbẹ, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.