Tí ọmọ ẹni bá wà lórí máàtì

Bàbá tó béèrè láti Ìkẹ́rẹ́ bóyá kí àwọn fúnra wọn máa kọ́ ọmọ wọn méjèèjì ní ìjàkadì, ẹ kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìdíje, ẹ fi etí máàtì sílẹ̀ fún kóòṣì mìíràn. Tèmi náà wà lára àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ l'Ádó, bí mo ṣe ń ṣe nìyẹn.

Gídígbò ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀ láti kékeré. Nínú gídígbò, ẹni tí wọ́n bá ti dá, ó parí. Ti orí máàtì, èyí tí wọ́n ń pè ní freestyle, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wálẹ̀ gba póìǹtì 2. Bó bá gbé e láti òró tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì kọjú sílẹ̀, ó gba 4. Ìjà ṣì ń lọ títí èjìká méjèèjì yóò fi lẹ̀ mọ́ máàtì, tàbí tí ẹnì kan bá fi póìǹtì 10 ta èkejì yọ, tàbí tí àkókò bá pé. Nítorí náà ọmọ tó wà nílẹ̀ lè dojú bolẹ̀, kó na tọwọ́ tẹsẹ̀, kó má gbà kí wọ́n yí òun, títí adájọ́ á fi ní kí wọ́n dìde. Ara bàbá rẹ̀ kì í gbà á! Á ké pé "Dìde! Dìde!", ọmọ á sì gbọ́, torí ohùn bàbá ló mọ̀ jù. Bó bá ti gbé ìbàdí sókè báyìí, wọ́n á ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, wọ́n á yí i. Ó máa ń dùn mí wọra.

Ẹ tún kíyè sí ibi tí ẹ ti ń fi ẹkẹ han àwọn ọmọ. Ọmọ kóòṣì ni a máa ń pè jù láti gbé ṣánlẹ̀, torí a mọ̀ pé kò ní í ráhùn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, òun ló ṣubú jù, kò sì tíì gbé ẹnikẹ́ni. Ẹ pè é níwọ̀nba. Bí ẹ bá sì fẹ́ yan ẹni tí yóò lọ ìdíje, ẹ jẹ́ kí wọ́n jà á ní gbangba, torí gbogbo òbí ló mọ òwe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀.

Ní ti ìwọ̀n ara tí wọ́n fi ń pín àwọn oníjàkadì sí ọ̀wọ́, ẹ má fi iyán du ọmọ. Ní 1997, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tó ń jà fún yunifásítì wọn kú ní Amẹ́ríkà láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún, níbi tí wọ́n ti ń fa omi ara wọn gbẹ kí ìwọ̀n wọn lè wálẹ̀. Kí ọmọ jà ní ìwọ̀n tó bá wà.

Ọmọbìnrin yín kò gbọdọ̀ jókòó sílé. Fàdákà tí Blessing Oborududu gbà ní Tokyo ní 2021 ni àmì-ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbà nínú ìjàkadì. Odunayo Adekuoroye, ọmọ Ìpínlẹ̀ Òǹdó tó bá wa pààlà, gba wúrà ìdíje Commonwealth ní 2014, 2018 àti 2022. Ẹ mú ọmọbìnrin yín àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá pọ̀. Ẹ gé èékánná wọn, kí ẹ sì yẹ ara wọn wò fún lápálapá. Èyí tó bá ní i, kó sinmi títí yóò fi san, torí máàtì kan ṣoṣo ló lè kó o ran gbogbo ilé.