Kí ló dé tí wọ́n fi ń sọ ọkọ̀ tí wọ́n máa dáná sun lórúkọ?

Ẹ ní ẹnì kan ti dá yín lóhùn pé òkú jagunjagun ni wọ́n ń sin nínú ọkọ̀ Viking (àwọn jagunjagun ojú omi ayé àtijọ́ láti ìhà Norway àti Denmark) tí wọ́n ń sun ní Lerwick, ní erékùṣù Shetland ní àríwá Scotland, àti pé àṣà náà ti pé ẹgbẹ̀rún ọdún. Sinimá ló wò yó! Kò sí òkú kankan nínú ọkọ̀ yẹn. Àgbá ọ̀dà títì tó ń jó ni àwọn ọ̀dọ́ ń wọ́ kiri ìgboro tẹ́lẹ̀, títí wọ́n fi fòfin dè é ní nǹkan bí ọdún 1874. Ọkọ̀ ò tíì wọ inú Up Helly Aa, ọdún tí wọ́n ti ń sun ún, títí ó fi kù díẹ̀ kó di 1890.

Ohun tí wọn ò sọ fún yín ni pé ìwọ̀fà ni Shetland. Christian Kìíní, ọba Denmark àti Norway, ló fi í dógò fún ọba Scotland lọ́dún 1469, nítorí 8,000 florin nínú owó ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, Margaret. (Lọ́dọ̀ tiwọn, bàbá ìyàwó ló ń sanwó.) Wọn ò rà á padà dòní. Ẹ ò rí i pé ìwọ̀fà tó ń rántí ilé bàbá ẹ̀ ló ń kan ọkọ̀ yẹn?

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Guizer Jarl, olórí ọdún, ló ń sọ ọkọ̀ lórúkọ, lẹ́yìn tó ti fi ọdún 15 dúró de ipò náà nínú ìgbìmọ̀. Ẹni tó dúró tó bẹ́ẹ̀ kì í kàn ṣàdédé pe orúkọ. Lójú tèmi, orúkọ ló yà á kúrò lára igi ìdáná. Àwa náà mọ èyí rí; ẹ bi àwọn ọmọ yín ní ìtumọ̀ orúkọ wọn, kẹ́ ẹ gbọ́ “mi ò mọ̀.”

Mo dé ibẹ̀ lọ́dún kan. Ọkọ̀ ojú omi ni mo wọ̀ láti Aberdeen, mo bì títí ilẹ̀ fi mọ́. Létí èbúté, mo rí ọkọ̀ ọdún: asà tò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀dà rẹ̀ ń dán, orí dírágónì ya ẹnu. Òjò wínníwínní ń rọ̀. Bàbá arúgbó kan ń fi áńkáṣíìfù nu omi kúrò lára eyín dírágónì náà. Mo ní, “Bàbá, ṣebí alẹ́ òní lẹ máa sun ún?” Ó wò mí, ó sì bọ́ sí òdìkejì, ó ń nu ún lọ.

Ní aago méje ààbọ̀ alẹ́, wọ́n pa iná ìgboro. Ògùṣọ̀ tó tó ẹgbẹ̀rún tàn, àpò tí wọ́n rẹ sínú kẹrosíìnì ń rùn. Wọ́n yí ọkọ̀ náà ká, wọ́n sì ju gbogbo ògùṣọ̀ náà sínú rẹ̀. Nígbà tí iná dé orí dírágónì, orin ni wọ́n ń kọ. Mo wá bàbá aláńkáṣíìfù títí láàárín èrò, mi ò rí i.